Ọpọ́n Ayò àti Kọ̀ǹpútà Àtijọ́

Ọ̀rọ̀ eré ni mo gbé wá lónìí, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe torí bẹ́ẹ̀ pa rédíò rẹ̀, nítorí pé ìtàn tí ó kan gbogbo wa ni.

Kò sí ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí ọmọ Ọ̀yọ́ tí kò mọ ohun tí à ń pè ní ọpọ́n ayò. Ihò 12 ni ó wà lára rẹ̀, 6 níwájú ẹni kìíní, 6 níwájú ẹni kejì. Ọmọ ayò 4 ni à ń kó sínú ihò kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ 48. Ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n ta dáadáa ni ọ̀ta. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ta ni òpè. Bí àwọn méjèèjì bá ta á títí, tí ẹnikẹ́ni kò borí ẹnì kejì, ọ̀mì ni wọ́n ta yẹn.

Bí ọpọ́n bá fọ́ ńkọ́? Agbẹ́gi yóò gbẹ́ òmíràn. Bí kò bá sí agbẹ́gi nítòsí, àwọn ọmọdé yóò wa ihò 12 sí ilẹ̀, wọn yóò ṣa òkúta wẹ́wẹ́, eré yóò sì bẹ̀rẹ̀. Nígbà òwò ẹrú, àwọn ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí wọ́n kó gba orí òkun lọ kò gbé ọpọ́n kankan dání. Síbẹ̀, ní erékùṣù Antigua ní ilẹ̀ Káríbíánì, wọ́n ń ta eré kan tí ó jẹ́ ìbátan ayò títí di òní. Warri ni wọ́n ń pè é. Òfin eré náà wà ní orí wọn, ọwọ́ wọn sì mọ bí a ti í ṣe ọpọ́n rẹ̀. Ohun méjì yìí ni kò jẹ́ kí ó parun.

Ẹ jẹ́ kí á wá fi èyí wé eré orí kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ni ọpọ́n irú eré bẹ́ẹ̀. A kò lè wa á sí ilẹ̀, agbẹ́gi kò sì lè gbẹ́ ẹ. Bí ẹ̀rọ tí a ṣe eré náà fún bá bàjẹ́ tán, tí kò sì sí ẹni tí ó mọ bí a ti ń to òmíràn, eré náà di àwátì. Ìdí nìyí tí àwọn ènìyàn kan káàkiri ayé fi ń wá ẹ̀yà ara kọ̀ǹpútà àtijọ́ kiri, tí wọ́n sì ń tò wọ́n pọ̀ kí wọ́n lè tún ta eré àtijọ́. Àwọn mìíràn a máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé àkísà ni wọ́n ń kó jọ. Ṣùgbọ́n àwọn baba wa wí pé bí ọmọdé bá ní aṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Àkísà náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á wo bí ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀.

Ní ọdún 1951, wọ́n ṣe àjọ̀dún ńlá kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n pè ní Festival of Britain. Ilé-iṣẹ́ kan tí ń jẹ́ Ferranti gbé ẹ̀rọ kan wá sí Lọ́ńdọ̀nù fún àjọ̀dún náà. Nimrod ni orúkọ ẹ̀rọ náà. John Bennett, ọmọ ilẹ̀ Ọsirélíà, ni ó pète rẹ̀. Ẹ̀rọ náà fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 12, ó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 5, gílóòbù irú èyí tí ó wà nínú rédíò ayé ìgbà náà sì ni ó ń bá a ṣiṣẹ́. Pẹ̀lú gbogbo títóbi yìí, iṣẹ́ kan ṣoṣo ni ó mọ̀: eré kan tí ń jẹ́ Nim. Nínú Nim, a ó kó nǹkan jọ ní òkìtì-òkìtì, bí ẹni kó òkúta jọ. Bí ó bá kan ẹnì kan, yóò mú iye tí ó wù ú láti inú òkìtì kan ṣoṣo. Bí wọ́n bá ti pinnu pé ẹni tí ó mú èyí tí ó kẹ́yìn ni ó borí, ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Ẹ ò rí i pé ojú ayò ni eré náà jọ.

Bennett fẹ́ kí àwọn ènìyàn fi ẹ̀rọ náà kọ́ bí kọ̀ǹpútà ti ń ṣe ìṣirò. Èrò tí ó wá wò ó kò fẹ́ gbọ́ ìṣirò. Eré ni wọ́n fẹ́ bá a ta. Lẹ́yìn Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n gbé e lọ sí Berlin ní Jámánì, àwọn ènìyàn sì tún rọ́ lọ wò ó. Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, wọ́n tú u palẹ̀, nítorí pé wọn kò rí iṣẹ́ mìíràn fún un.

Ní oṣù October ọdún 1958, irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ilé ìwádìí kan wà ní Brookhaven, ní ìpínlẹ̀ New York. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn ará ìlú láti wá wo iṣẹ́ wọn. Onímọ̀ kan níbẹ̀, William Higinbotham, rí i pé ojú àwọn àlejò kì í dá nígbà tí wọ́n bá ń wo ẹ̀rọ tí wọn kò lè fọwọ́ kàn. Òun àti òṣìṣẹ́ rẹ̀ Robert Dvorak wá so àwọn ẹ̀rọ kan pọ̀ láti ṣe eré tẹ́níìsì. Ojú gíláàsì tí wọ́n ń wò kò ju íǹṣì 5 lọ. Ìlà gbọọrọ kan ni ilẹ̀, ìlà kúkúrú kan ni àwọ̀n, àmì ìmọ́lẹ̀ bíntín kan sì ni bọ́ọ̀lù. Síbẹ̀, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ láti ta á. Wọ́n tún un gbé jáde ní ọdún 1959, lẹ́yìn náà wọ́n tú u, wọ́n sì kó ẹ̀yà ara rẹ̀ lọ ṣe iṣẹ́ mìíràn.

Ẹ fetí sí ohun tí ó tẹ̀lé e. Ní ọdún 1997, ilé ìwádìí náà ń ṣe ayẹyẹ àádọ́ta ọdún, wọ́n sì fẹ́ kí àwọn ènìyàn tún rí eré Higinbotham. Kíkọ́ rẹ̀ ní ìgbà àkọ́kọ́ kò gba oṣù kan. Títún un kọ́ gba nǹkan bí oṣù mẹ́ta, nítorí pé àwọn ẹ̀yà ara ti ìgbà náà kò sí lọ́jà mọ́. Ohun tí wọ́n tú ká bí ohun tí kò níye lórí ní 1959 ni wọ́n ń fi àtùpà wá ní 1997.

Ẹ jẹ́ kí á fi èyí wé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí eré kẹta. Ní ọdún 1962, Steve Russell àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga MIT ní Amẹ́ríkà parí eré kan tí wọ́n pè ní Spacewar, nínú èyí tí ọkọ̀ òfuurufú méjì ń yìnbọn lu ara wọn. Orí kọ̀ǹpútà kan tí ń jẹ́ PDP-1 ni wọ́n ti ń ta á. Kọ̀ǹpútà yìí kò pọ̀. 53 péré ni ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é ṣe. Ṣùgbọ́n wọn kò tú gbogbo wọn palẹ̀. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kọ̀ǹpútà ní ìlú Mountain View, ní ìpínlẹ̀ California, ní ọ̀kan. Àwọn àgbà ẹlẹ́rọ jókòó tì í, wọ́n yẹ ẹ̀yà ara rẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ó fi jí, wọ́n sì ti tún ta Spacewar lórí rẹ̀. Èyí tí a fi pamọ́ jí. Èyí tí a tú palẹ̀, ẹ̀dà rẹ̀ nìkan ni a lè ṣe.

Ní ilẹ̀ tiwa ńkọ́? Ọdún 1963 ni ìtàn kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà, nígbà tí a lò ó láti ṣe ìṣirò ètò ìkànìyàn. Ní ọdún kan náà ni ilé-iṣẹ́ IBM dá ibi ìkẹ́kọ̀ọ́ kan sílẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn. Kọ̀ǹpútà ìgbà náà ń gba yàrá odindi, ọmọdé kò sì lè dé ìdí rẹ̀. Ní ọdún 1988, ìjọba àpapọ̀ gbé ètò kan kalẹ̀ pé kí a máa kọ́ ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà ní ilé-ìwé. Ní ọdún 1990 ni a dá yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ sílẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, èyí tí a fi orúkọ olóògbé Ládòkè Akíntọ́lá, ọmọ ìlú náà, pè ní ọdún kejì rẹ̀. Ní àkókò yìí, kọ̀ǹpútà ti kéré dé ìwọ̀n ohun tí a lè gbé sórí tábìlì.

Ní ọdún 1990 náà ni ilé-iṣẹ́ Microsoft fi eré káàdì Solitaire sínú Windows. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn, Wes Cherry, ni ó kọ ọ́. Káàkiri ayé, ọ̀pọ̀ akọ̀wé ni ó jẹ́ pé eré yìí ni wọ́n fi kọ́ bí a ti í di máòsì mú. Ní December 1993, eré Doom jáde, èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ń dà sínú dísíkẹ́ẹ̀tì láti ọwọ́ ẹnì kan sí ọwọ́ ẹlòmíràn. Àwọn tí ó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ nígbà náà ti di baba ọmọ, wọ́n ti di ìyá ọmọ. Bí ọmọ wọn bá ní kí wọ́n fi eré ìgbà èwe wọn han òun, kí ni wọn yóò fi hàn án?

Ẹnì kan lè wí pé, “Ṣebí kọ̀ǹpútà tuntun lágbára ju ti àtijọ́ lọ? Kí ni kò jẹ́ kí a ta eré náà lórí rẹ̀?” Ìbéèrè rere ni. Ẹ ronú onílù àti oníjó. Bí oníjó bá ti kọ́ ijó rẹ̀ sí ìlù tí ń lọ jẹ́jẹ́, tí onílù tuntun wá ń lù ú kíkankíkan, ẹsẹ̀ oníjó yóò kọ́ ara wọn. Kọ̀ǹpútà IBM tí ó jáde ní 1981 ń lu ìlù inú rẹ̀ ní nǹkan bí ìgbà mílíọ̀nù 4.77 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ti òde òní ń lù ú ní ìgbà bílíọ̀nù mélòó kan. Ọ̀pọ̀ nínú eré àtijọ́ ni ó ń fi ìlù ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ka àkókò. Bí a bá gbé irú eré bẹ́ẹ̀ sórí ẹ̀rọ tuntun, ọ̀tá yóò ti pa wá kí a tó fọwọ́ kan bọ́tìnnì. Nítorí èyí ni wọ́n fi ń fi bọ́tìnnì kan tí ń jẹ́ túbò sí iwájú àwọn kọ̀ǹpútà kan láyé ìgbà náà: bí a bá tẹ̀ ẹ́, ẹ̀rọ yóò rọra kí eré àtijọ́ lè lọ déédéé.

Báwo ni a ti í to irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ lónìí? Àkọ́kọ́, ẹni tí yóò tò ó ní láti mọ ọdún eré tí ó fẹ́ ta, nítorí pé ẹ̀rọ 1989 kò lè gbé eré 1997, ẹ̀rọ 1997 sì lè sáré ju eré 1984 lọ. Èkejì ni mọ́dábọ́ọ̀dù, ìyẹn pátákó tí gbogbo ẹ̀yà yòókù so mọ́. Ibi tí ó yẹ kí á kọ́kọ́ wò lára rẹ̀ ni bátìrì kékeré tí ń bá a rántí aago. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ayé ìgbà náà, bátìrì yìí a máa jo, omi rẹ̀ a sì jẹ okùn bàbà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó wà lójú pátákó. Ẹni tí ó bá tètè yọ ọ́ gba ẹ̀rọ náà là. Ẹ̀kẹta ni àwọn kápásítọ̀, tí wọ́n dà bí agolo kékeré. Bí orí wọn bá ti wú, a ní láti fi òmíràn rọ́pò wọn. Ẹ̀kẹrin ni páàkì iná, èyí tí ó ń pín iná fún gbogbo ara ẹ̀rọ. Iná ìlú wa tí ń lọ sókè sódò ti pa púpọ̀ nínú wọn, nítorí náà ẹ má ṣe tan ẹ̀rọ àtijọ́ láìsí sítébíláísà. Ẹ̀karùn-ún ni dísíkẹ́ẹ̀tì. Ọyẹ́ a máa fi eruku sí i, òjò a máa jẹ́ kí ó bu, ó sì yẹ kí á da ohun tí ó wà nínú rẹ̀ sí ibòmíràn kí ó tó pẹ́ jù.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ gbọ́ ìkìlọ̀ yìí o. Ẹ má ṣe tú mọ́nítọ̀ alágbèékẹ́yìn, èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ yọ gọngọ bí ti tẹlifíṣọ̀n àtijọ́. Iná lè sá pamọ́ sínú rẹ̀ lẹ́yìn tí a ti yọ ọ́ kúrò lára ògiri, ó sì lè pa ènìyàn. Oníṣẹ́ tí ó mọ̀ ọ́n ni kí ẹ gbé e fún.

Ibo ni a ti lè rí àwọn ẹ̀yà yìí? Níbí yìí ni ọ̀rọ̀ náà ti kàn wá gan-an. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, Èkó ni èbúté tí kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ láti Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ń gbà wọlé. Ní ọdún 2005, ẹgbẹ́ kan tí ń jẹ́ Basel Action Network tẹ ìròyìn kan jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n ní nǹkan bí àpótí ọkọ̀ ojú omi 500 tí ó kún fún àlòkù ẹ̀rọ ni ó ń wọ Èkó lóṣooṣù, àti pé àwọn oníṣòwò ibẹ̀ sọ pé ó tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin tí kò ṣeé tún ṣe tí kò sì ṣeé tà. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni a kó dà sí ààtàn, tí a sì ń dáná sun nítorí bàbà inú okùn rẹ̀. Èéfín rẹ̀ jẹ́ májèlé fún àwọn tí ń sun ún àti fún àwọn tí ń gbé nítòsí. Ní ọdún 2011, ìjọba àpapọ̀ ṣe òfin láti dènà irú ìwà yìí.

Ẹ wo bí ayé ti rí. Ohun tí a sun níná nígbà náà wà lára ohun tí àwọn kan ń fi owó gọbọi wá ní òkè òkun lónìí. Àwọn oníṣẹ́ wa tí wọ́n ń tú èyí tí ó kú láti fi jí èyí tí ń kú lọ, tí wọ́n ń fi ayọ́ jó pátákó láìsí ìwé ìtọ́sọ́nà, ní ìmọ̀ tí àwọn ẹlẹ́rọ California ní láti tún kọ́. Ọwọ́ tí ó mọ bí a ti ń ṣe ọpọ́n kò tíì tán láàrin wa.

Mo mọ̀ pé ọ̀nà mìíràn wà. Láti ọdún 2002 ni àwọn kan ti ṣe ètò tí ń jẹ́ DOSBox, tí ń mú kí kọ̀ǹpútà tuntun sín kọ̀ǹpútà àtijọ́ jẹ, kí ìlù rẹ̀ lè lọ jẹ́jẹ́. Ní ọdún 2015, ilé ìkówèésí Internet Archive gbé eré àtijọ́ tí ó ju 2,000 lọ sí gbangba nípa irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Èyí dára púpọ̀, nítorí pé ní ọdún 2023, ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà fi hàn pé nínú eré 100 tí ó jáde níbẹ̀ kí ó tó di 2010, nǹkan bí 87 ni kò sí lọ́jà mọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó fẹ́ sín ènìyàn jẹ ní láti kọ́kọ́ gbọ́ ohùn ẹni náà. Bí ojúlówó ẹ̀rọ bá ti tán, kí ni a ó fi mọ̀ bóyá ẹ̀dà náà ṣe déédéé?

Ẹ jẹ́ kí á padà sídìí ayò, nítorí pé kọ̀ǹpútà náà ti jókòó ti ọpọ́n. Ní ọdún 2002, àwọn onímọ̀ méjì ní yunifásítì kan ní Amsterdam, John Romein àti Henri Bal, fi kọ̀ǹpútà wá ìdí awari, ìbátan ayò tí ó ní ihò 12 àti ọmọ 48 gẹ́gẹ́ bí ti wa, bí òfin rẹ̀ tilẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀. Ọpọlọ kọ̀ǹpútà (processor) 144 ni wọ́n so pọ̀, ó sì gbà wọ́n ní wákàtí 51. Ipò 889,063,398,406 tí ọmọ ayò lè wà lójú ọpọ́n ni wọ́n yẹ̀ wò. Kí ni wọ́n rí? Bí ọ̀ta bá pàdé ọ̀ta, tí ẹnikẹ́ni kò ṣìṣe, ọ̀mì ni wọn yóò ta.

Àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyẹn náà ti di ẹ̀rọ àtijọ́ lónìí. Ayò tí wọ́n ṣírò rẹ̀ ṣì wà lábẹ́ igi. Ayò tí a sì ń ta lórí fóònù lónìí, tí àwọn ọmọ Nàìjíríà pẹ̀lú wà lára àwọn tí ń kọ ọ́, yóò bá fóònù náà lọ bí a kò bá ṣètò fún un.

Kí ni kí á ṣe nígbà náà? N kò ní kí ilé-ìwé ra ohun olówó iyebíye. Kí ilé-ìwé tí ó bá ní kọ̀ǹpútà àtijọ́ nínú yàrá ẹrù má ṣe tà á fún àwọn tí ń ra irin kiri kí olùkọ́ tó yẹ̀ ẹ́ wò. Kí a yọ bátìrì rẹ̀, kí a nu eruku rẹ̀, kí a kọ ọdún rẹ̀ àti orúkọ rẹ̀ sára rẹ̀. Bí mẹ́ta bá ti bàjẹ́, ó ṣeé ṣe kí a rí ọ̀kan tí ó pé nínú wọn. Kí a pe oníṣẹ́ àdúgbò kan wá, kí àwọn ọmọ máa wò ó bí ó ti ń tò ó. Nínú fóònù, ohun gbogbo ti lẹ̀ pọ̀, ojú kò sì rí nǹkan kan. Nínú kọ̀ǹpútà 1990, ọmọ ọdún 12 lè fi ìka kan ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan, kí ó sì mọ iṣẹ́ rẹ̀. Bí ẹ̀rọ náà bá sì jí, kí a jẹ́ kí àwọn ọmọ ta eré lórí rẹ̀. Ìlú tí ó ní yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ, tí ó sì ní àwọn oníṣẹ́ ọwọ́, kò yẹ kí ó ṣe aláìní irú ọpọ́n bẹ́ẹ̀ kan, ó kéré tán, tí a ń fi han àlejò.

Àwọn tí ó ń ta warri ní Antigua kò rí ọpọ́n tí a gbé láti ilé. Ẹnì kan ni ó kọ́ wọn bí a ti í ṣe é. Kí àwa náà kọ́ àwọn ọmọ wa. Ó dìgbóṣe o.